Lẹ́tà sí Àǹtí mi tí wọ́n fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ dópin, títí kan ibi tí ẹ ti rò pé ẹ ti pa á, tí ẹ ń bá ọmọ wí pé kó gbé fóònù jù sílẹ̀ kó lọ sùn. Ẹjọ́ tí ẹ gbé wá kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ ti pé mẹ́rìnlá, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi tí mo wá ń ṣèwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ìbánisọ̀rọ̀ wa dà, àti ohun tó ń fi ọkàn wa ṣe, kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ṣé fóònù ló ń bà á jẹ́ àbí òun kọ́? Kí ẹ gbà á àbí kí ẹ fi sílẹ̀ fún un?

Orí WhatsApp ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fèsì sí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tán, ni mo bá kúkú kọ lẹ́tà. Mo sì kọ ọ́ ní gbangba torí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń bi mí. Ibikíbi tí mo bá ti dárúkọ iṣẹ́ mi, òbí kan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí gẹ́lẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní dárúkọ ọmọ.

Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sí lẹ́nu mi. Kì í ṣe pé mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ bí àwa tí a kàwé ṣe máa ń ṣe. Wákàtí mélòó ló yẹ kí èèyàn lò nídìí ẹ̀rọ lójúmọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń bi ara wọn, kò sì tíì gbé ẹnikẹ́ni dé ibi tó lórí. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Kí ni fóònù gba ipò rẹ̀? Báwo ló ṣe ń rí nígbà tó bá gbé e sílẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, lójú tèmi.

Ní 1998, Robert Kraut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fún ìdílé 73 ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì wọ ilé púpọ̀, wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí èèyàn 169 nínú wọn fún ọdún kan sí méjì. Àwọn tó lo íntánẹ́ẹ̀tì jù ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ojúlùmọ̀ wọn dín kù, ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn sì lé díẹ̀. Ariwo ta. Èyí tí kò gba ariwo ni pé Kraut kan náà padà lọ bá àwọn èèyàn yìí, ó sì kọ ọ́ ní 2002 pé ọ̀pọ̀ nínú aburú yẹn ti pòórá. Wọ́n tún yẹ àwọn ẹlòmíràn wò. Àwọn tó yá mọ́ èèyàn, tí wọ́n ti ní alábàárò tẹ́lẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ṣe wọ́n lóore. Àwọn tí kò lẹ́nì kan, tí wọn kì í fẹ́ bá èèyàn da nǹkan pọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti burú sí i. Àǹtí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Fóònù wá dé, ó wọ àpò gbogbo ayé, ìwádìí náà sì pọ̀ jọjọ. Ní 2019, Amy Orben àti Andrew Przybylski ní Oxford ṣe àyẹ̀wò èsì àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 350,000 láti Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí àlàáfíà ọkàn ọmọ kan yàtọ̀ sí ti ọmọ kejì, lílo ẹ̀rọ kò kó ju 0.4 nínú 100 lọ. Nínú ìṣirò yẹn kan náà, lílo awò ojú bá àìláyọ̀ rìn ju bí ẹ̀rọ ṣe bá a rìn lọ. Ẹ ò sì ní torí ìyẹn bọ́ awò lójú ọmọ.

Àwọn kan ò gbà. Jean Twenge tó ń kọ́ni ní San Diego State University ní tí a bá da ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin, tí a da tẹlifíṣọ̀n pọ̀ mọ́ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, a ó kàn bo ìpalára àwọn ọmọbìnrin tó ń lo ìkànnì jù mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ṣì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di òní. Mo ka ti apá méjèèjì, mo sì rò pé apá kọ̀ọ̀kan di nǹkan mú. Àmọ́ iṣẹ́ tó là mí lójú jù kéré gan-an. Ine Beyens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní Netherlands, ó jáde ní 2020. Ọ̀dọ́ 63 péré ni wọ́n mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, fóònù wọn á dún, á bi wọ́n: kí lo ti ń ṣe lórí ìkànnì, báwo ló ṣe ń ṣe ọ́ báyìí? Ẹ wo ohun tó jáde fún kíkàn máa wo nǹkan tí àwọn ẹlòmíràn gbé síta láìdá sí i. Nínú 100, inú 46 dùn sí i. Àwọn 44 kò mọ ìyàtọ̀. Inú 10 bàjẹ́ sí i.

Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ kí ẹ tó ṣírò, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ọ̀dọ̀ àwọn 10 yẹn, ó tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó síbí kí n dájọ́ ọmọ yín láti inú ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ. Ìṣirò lè sọ fún mi pé irú wọn wà. Kò lè sọ fún mi bóyá òun ni.

Ti wákàtí gan-an, ẹ má mú un bí ohun tó dájú. Tí mo bá bi àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi pé báwo ni wọ́n ṣe ń pẹ́ tó lórí fóònù, wọ́n á fọkàn balẹ̀ dá mi lóhùn, àfìgbà tí a bá jọ ṣí ibi tí fóònù fúnra rẹ̀ ti ń ka àkókò, tí ẹ̀rín á sì pa wá. Ní 2021, Douglas Parry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ lọ́pọ̀, wọ́n fi ohun tí èèyàn fẹnu sọ wé ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Agbára káká ni méjèèjì fi ń bára mu. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí àwọn ìwé ìròyìn fi ń dẹ́rù bà yín, ohun tí èèyàn fẹnu sọ ni wọ́n kọ́lé lé.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò nídìí ìṣirò, torí kì í ṣe òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Ohun tó mú mi ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà tó bá gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbé fóònù rẹ̀ sáàárín wa, ó ní kí n kàn máa wò. Ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ní gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó. Àmì méjì yẹn di búlúù: ọ̀rẹ́ ti rí i. Lókè, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ ń tẹ nǹkan. Ó dúró. Ó tún ń tẹ̀. Ó tún dúró, ó pẹ́. Nígbà tí èsì máa dé, “OK” lásán ni. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí pé, “Kí lẹ rò pé ó kọ́kọ́ kọ?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Gbogbo ìyókù ìjókòó wa, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù náà.

Oṣù kọkànlá 2014 ni WhatsApp gbé àmì búlúù yẹn dé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Kí ó tó dé, ẹni tí kò fèsì lè jẹ́ ẹni tí kò tíì rí i. Ní báyìí ó ti rí i, ó dákẹ́ ni. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lójúkojú tí ẹni náà dákẹ́, ẹ ó rí i bóyá ó ń ronú, bóyá inú ń bí i, bóyá oorun ló ń kùn ún. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí. Nínú fóònù, ojú kò sí níbẹ̀. Àmì ló wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á sì fi gbogbo òru túmọ̀ rẹ̀.

Ti ohùn náà wà níbẹ̀. Leslie Seltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin ṣe nǹkan kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin kéékèèké jọ, wọ́n ní kí wọ́n dìde sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ṣe ìṣirò níwájú àwọn tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń já ọmọ láyà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pín wọn. Àwọn kan wà pẹ̀lú ìyá wọn, àwọn kan bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, àwọn kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí àwọn àti ìyá wọn ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, àwọn kan kò rí ìyá bá sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n gba itọ́ àti ìtọ̀ wọn láti wá cortisol, tó ń pọ̀ lára nígbà tí àyà bá ń já, àti oxytocin, tó máa ń jáde nígbà tí èèyàn bá sún mọ́ ẹni tó fẹ́ràn. Àwọn tó gbọ́ ohùn ìyá wọn, ìbáà ṣe lójúkojú, ìbáà ṣe lórí tẹlifóònù, ara wọn rọlẹ̀, oxytocin sì jáde. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀? Cortisol wọn ga bíi ti àwọn tí kò rí ìyá bá sọ̀rọ̀ rárá.

Ìyá kan náà ni o. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan náà ló sì ń sọ.

Amit Kumar àti Nicholas Epley náà gbé tiwọn jáde ní 2021. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kàn sí ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ tipẹ́, àwọn kan lórí tẹlifóònù, àwọn kan nípasẹ̀ í-meèlì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń rò pé ti tẹlifóònù ló máa ti àwọn lójú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́nu ló sún mọ́ ọ̀rẹ́ wọn jù, kò sì nira fún wọn ju ti àwọn tó kọ̀wé lọ. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n máa pè yín. Mo ti gbọ́.) Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé nígbà tí tẹlifóònù ṣì jẹ́ tuntun, òun gan-an ni wọ́n ń fojú burúkú wò. Claude Fischer tó kọ ìtàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fúnra wọn kò fẹ́ kí èèyàn máa fi tàkúrọ̀sọ, wọ́n ní ti iṣẹ́ ni. Ó tó ìparí àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fún ìtàkúrọ̀sọ.

Ẹ má wá tìtorí gbogbo èyí rò pé mo ń bá fóònù gbèjà. Luca Braghieri, Roee Levy àti Alexey Makarin wo bí Facebook ṣe ń wọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́kọ̀ọ̀kan láti 2004. Níbi tó bá ti dé, ìlera ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàjẹ́ ju ti ibi tí kò tíì dé lọ, ohun tí wọ́n sì rí tó fà á jù ni pé àwọn ọmọ ń fi ara wọn wé ara wọn. Ní 2018 náà, Melissa Hunt ní University of Pennsylvania ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ lórí Facebook, mẹ́wàá lórí Instagram, mẹ́wàá lórí Snapchat, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù ju ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó bí ìṣe wọn lọ. Ọdún yẹn kan náà, Hunt Allcott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà lówó kí wọ́n ti Facebook wọn pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ayọ̀ wọn lé díẹ̀, wọ́n wà pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí i, wọ́n tún wo tẹlifíṣọ̀n sí i, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìròyìn sì dín kù. Nítorí náà èrè wà nínú kí èèyàn dín in kù. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn fẹnu ara wọn gbà á ni. Wọn kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti di ti ọmọ yín wàyí. Ẹ sọ nǹkan kan nínú ohùn yẹn, ẹ sọ ọ́ wéré bí ẹni ń kọjá lọ, kẹ́ ẹ tó padà sórí ẹ̀sùn fóònù. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti kó lọ sílé tuntun, kò tíì sí ọ̀rẹ́ kankan tó wá a wá. Mo dá ohùn náà padà mo tún un gbọ́. Ká ní ẹ kọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ má kọ ibẹ̀ rárá. Àǹtí, gbogbo ọmọ tó mọ̀ wà níbi tí ẹ ti kó kúrò. Tó bá jẹ́ pé inú fóònù yẹn ló ti ń bá wọn pàdé, tí ẹ bá gbà á, kì í ṣe fóònù nìkan lẹ gbà. Tó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló ń wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fàájì láìsí òun níbẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, wákàtí méjèèjì sì lè jẹ́ iye kan náà. Ẹ rántí ohun tí Kraut rí nípa àwọn tí kò lẹ́nì kan.

Ẹ bi í. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ fóònù náà wò. Tó bá mọ̀, kò ní fi ohunkóhun hàn yín mọ́ láéláé. Ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń lò ó, ẹ ní kó fi ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín hàn yín. Á kọ́kọ́ fura. Ẹ fara dà á. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbé e sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ka wákàtí. Ẹ jẹ́ kó máa pe ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì, kó máa gbọ́ ohùn wọn, dípò kó máa tẹ̀. Tí ọ̀nà bá wà kí wọ́n rí ara wọn lójúkojú, ẹ ná owó sórí ìyẹn ṣáájú ohunkóhun. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá sì ń le sí i, tí kò jẹun mọ́, tí kò fẹ́ dìde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró de ìwádìí wa.

Ohun kan ṣoṣo wà tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn láìwẹ̀yìn: oorun. Lórí ìyẹn, àríyànjiyàn wa kò pọ̀. Kí fóònù má sun yàrá ọmọ. Kó máa sun pálọ̀, kó gba iná níbẹ̀. Tiyín náà, Àǹtí. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, tí ẹ ti ń lé ọmọ lọ sùn nítorí fóònù, agogo kan òru kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wọlé.

Ó ku ìbéèrè yín kejì, bóyá mo lè fi í sínú ìwádìí mi kí n lè máa ṣọ́ ọ. Rárá o. Àkọ́kọ́, ẹbí mi ni. Èkejì, ṣíṣọ́ kọ́ ni iṣẹ́ mi. Ní oṣù kìíní 2012, Facebook yí ohun tí èèyàn 689,003 ń rí lórí ìkànnì wọn padà fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù fún àwọn kan, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù fún àwọn kan, láti wo ohun tí àwọn náà máa kọ. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré jọjọ. Ohun tó bí ayé nínú nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014 ni pé kò sẹ́ni tó bi àwọn èèyàn yẹn bóyá wọ́n gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọmọdé kí n tó bi í. Òbí á fọwọ́ sí ìwé, ọmọ náà á gbà fúnra rẹ̀, ó sì lè ní òun ò ṣe mọ́ nígbàkígbà láìsọ ìdí. Ohun tó bá sì bá mi sọ, mi ò lè wá sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, àfi tí ewu bá wà.

Mo lè bá yín wá ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó wù ú. Tó bá ní kò wu òun, ó parí síbẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò yín